Bí Destiny 2 ṣe lè bá iṣẹ́ rìn ní Ìbàdàn

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọ̀sẹ̀ tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú Destiny 2, géèmù ìbọn tí wọ́n ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì: 17:00 UTC (aago àgbáyé) ni, àwa sì fi wákàtí kan ṣíwájú. Àsìkò yẹn gan-an ni mọ́tò máa ń dì pọ̀ ní Ìwó Road. Kò yẹ kẹ́nikẹ́ni torí ẹ̀ bá awakọ̀ jà. Èrè ọ̀sẹ̀ náà wà níbẹ̀ títí di Ìṣẹ́gun mìíràn, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ò pàdánù nǹkan kan. Xûr, ontàjà inú géèmù náà, nìkan ló ní àkókò tiẹ̀: ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló ń dé, ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun ló ń lọ. Ẹ lè lọ òde Sátidé tán, kẹ́ ẹ dé, kẹ́ ẹ tó rajà lọ́wọ́ ẹ̀.

Iná ló le ju àkókò lọ. PS5, ẹ̀rọ tá a fi ń gbá géèmù, máa ń fa tó 200W tí ìjà bá ti wọra, tẹlifíṣọ̀n kékeré lè fi bíi 50W kún un. UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé iná dúró) 650VA tó wọ́pọ̀ lọ́jà, bátìrì 12V 7Ah ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀. 84Wh nìyẹn lórí ìwé, nítorí náà ẹ má retí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀ bí bátìrì bá ti gbó. Ó tó láti parí èyí tó kù nínú strike, iṣẹ́ kúkúrú inú géèmù náà, tó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 15 sí 20. Kò tó fún raid, iṣẹ́ ńlá tó gùn, níbi tí ẹ̀yin mẹ́fà á ti jókòó fún wákàtí. Ẹ so ráúta mọ́ UPS ọ̀hún o! Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ géèmù yìí ò ṣeé gbá láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí iná bá ń ṣe ségesège, ẹ jìnnà sí Competitive, ìdíje láàárín àwọn agbágéèmù. Sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń darí géèmù náà, ò mọ̀ pé wọ́n mú iná lọ, ohun tó rí ni pé ẹ sá lójú ìjà, yóò sì tì yín mọ́ta fúngbà díẹ̀ tó bá ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́.

Ohun tẹ́ ẹ ò ṣà nílẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ Postmaster, ẹni tó ń bá yín tọ́jú ẹrù nínú géèmù náà. Àyè 21 péré ló ní. Tó bá kún, èyí tó pẹ́ jù á dàwátì. Ẹ fi DIM, áàpù tó ń to ẹrù Destiny 2, kó wọn lórí fóònù, kódà nínú Micra.

Fún ọjọ́ tí kò síná rárá, Half-Life 2, géèmù ìbọn àdágbá, lórí láptọ́ọ̀pù ni mo fara mọ́. Ọdún 2004 ló jáde, láptọ́ọ̀pù tí kò lágbára á gbé e. Ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan nígbà tí dátà wà, kí àtúnṣe parí, kẹ́ ẹ tó fi Steam, áàpù tó ń ṣí i, sí offline (ipò àìlo íntánẹ́ẹ̀tì). F6 ń tọ́jú ibi tẹ́ ẹ dé, F9 ń dá yín padà síbẹ̀. Ẹ ṣáà má tẹ F6 nígbà tí bọ́ǹbù bá ti wà lẹ́sẹ̀ yín.