Èèrà ni mo fẹ́ pa, ata mi ni mo bọ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lọ̀rọ̀ yìí, inú mi kò tíì rọ̀. Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn gríìnháòsì mi, ilé kékeré tí mo ń gbin nǹkan sí, láàárọ̀, ojú mi á kọ́kọ́ lọ síbi tí ìkòkò mẹ́jọ tó ṣófo tò sí. Ata ló wà nínú wọn. Èmi gan-an ni mo fi kẹ́tùlù pa wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ní gríìnháòsì kékeré lẹ́yìn ilé, ẹ mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rí èèrà kan lẹ́sẹ̀ tábìlì, ẹ ó ní kò burú. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ti tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, àwọn kan ń gòkè, àwọn kan ń sọ̀ kalẹ̀. Bí méjì bá pàdé, wọ́n á forí kanra bí ẹni ń kíra, kálukú á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ká sòótọ́, inú ibẹ̀ móoru, ilẹ̀ inú ìkòkò rọ̀, òjò kò sì lè pa wọ́n. Bí mo bá jẹ́ èèrà, èmi náà á kó wá.

Ìkòkò ata 12 ni mo ní. Láti orí hóró ni mo ti bẹ̀rẹ̀ wọn, n kò ra èyí tó ti hù. Ọjọ́ 15 ni mo fi ń wo ilẹ̀ lásán kí ewé àkọ́kọ́ tó yọjú, mo sì ti tún wọn gbìn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí èèrà dé, mẹ́ta nínú wọn ti ń tanná. Ẹni tó bá ti gbin ata láti orí hóró rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo kọ́kọ́ fín oògùn apakòkòrò sójú ọ̀nà wọn. Gbogbo èyí tó wà lójú ọ̀nà kú, inú mi dùn fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀nà ti di méjì. Wọ́n ní ìyẹ̀fun sínámọ́ọ̀nì máa ń lé wọn, mo bù ú yí ìdí ata ká. Bí mo ṣe bomi rin ín ló di ẹrẹ̀, èèrà sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé n kò ní sùúrù, ọjọ́ 11 gbáko ni mo fi ṣe gbogbo èyí. Mo ní sùúrù. Ó kàn tán ni.

Lálẹ́ ọjọ́ kọkànlá, mo gbé ìkòkò kan sókè kí n fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí rẹ̀. Ihò tí omi ń gbà jáde kún fọ́fọ́. Wọ́n tú jáde sí mi lọ́wọ́, wọ́n gbé ọmọ wọn funfun bí hóró ìrẹsì sẹ́nu, wọ́n gun apá mi dé ìgbúnwọ́, wọ́n ń bù mí jẹ. Àṣé inú ìkòkò ata mi ni wọ́n kọ́lé sí! Inú bí mi. Ẹni tí inú ń bí kì í rántí pé gbòǹgbò ata wà nínú ilẹ̀ kan náà.

Mo gbé kẹ́tùlù kaná. Nígbà tó hó, mo dà á sí ìkòkò mẹ́rin. Ilẹ̀ náà kùn ṣìì, ooru gba mi lójú, èèrà léfòó bí ewé tíì. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ má bínú, mo rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Òórùn kan sì jáde tí mo mọ̀ dáadáa, àmọ́ tí n kò fẹ́ gbà pé òun ni: òórùn ẹ̀fọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀. Mo tún gbé kẹ́tùlù kejì kaná, mo dà á sí mẹ́rin mìíràn. Ní ti ìkẹta, gáàsì tán kí omi tó hó. Gáàsì tó tán yẹn ló gba ìkòkò mẹ́rin tó kù sílẹ̀. Ẹ má fi ọgbọ́n kún un fún mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ata mẹ́jọ ti dọ̀bálẹ̀. Ewé wọn rọ, ó dúdú, ó lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò. Mo fa ọ̀kan, kò bá mi jà rárá, ó kàn yọ wọ́ọ́rọ́. Gbòǹgbò tó yẹ kó funfun ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, awọ rẹ̀ ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Òdòdó kan ṣì wà lórí rẹ̀. Mo dojú garawa dé, mo jókòó lé e. N kò sunkún, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá bá mi sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, ǹ bá sunkún. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé bí mo ṣe gbójú sókè, èèrà ń tò lọ sórí ata kẹsàn-án. Wọ́n ń gòkè, wọ́n ń sọ̀, bí ẹni pé n kò ṣe nǹkan kan lálẹ́ àná.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá mi. Wọn kò bá mi wí, ìyẹn sì dùn mí ju ìbáwí lọ. Wọ́n wo ata kẹsàn-án títí, wọ́n ní, "Àbúrò mi, kí ni wọ́n ń lọ ṣe lókè?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí wọ́n ń jẹ ẹ́ ni."

"Ojú eyín wọn dà lára ewé? Yí ewé yẹn padà."

Mo yí i padà. Abẹ́ rẹ̀ kún fún kòkòrò rírọ̀ aláwọ̀ ewé, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó hóró yànmọ̀tí, wọ́n tò mọ́ iṣan ewé bí ọmọ tó di ọmú mú. Áfídì ni orúkọ wọn, àmọ́ iná ewé ni mò ń pè wọ́n láti ọjọ́ náà, torí bí iná inú irun ṣe ń ṣe orí ni wọ́n ń ṣe ewé. Èèrà kan dúró lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn, ó ń fi ìwo orí rẹ̀ lù ú nídìí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bí ẹni ń jí ọmọ ọwọ́. Ẹ̀kán omi kan yọ, ó mọ́ gaara. Èèrà mu ún, ó kọjá sọ́dọ̀ èyí tó kàn. Darandaran ni wọ́n! Ata mi ni pápá ìjẹko.

Tó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mo lè sọ, òun náà nìyẹn: ẹ yí ewé padà. Kí ẹ tó fín oògùn, kí ẹ tó bu ìyẹ̀fun, ẹ yí ewé padà. Oje igi ni iná ewé ń fà mu. Ṣúgà inú oje náà pọ̀ ju èyí tí ara rẹ̀ ń lò lọ, ó ń yọ ìyókù dànù, òun ni èèrà ń wá. Èyí tó bá kán sórí ewé á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, ohun dúdú bí eruku èédú á sì hù lé e. Mo ti rí dúdú yẹn lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú. Mo rò pé eruku ni, mo fi aṣọ nù ún! Èèrà sì tún ń ṣọ́ àwọn iná ewé náà. Kòkòrò pupa roboto alámì dúdú, tó máa ń jẹ wọ́n, kò lè sún mọ́ ibẹ̀. Torí náà, bí ẹ bá pa ọgọ́rùn-ún èèrà lójú ọ̀nà tí oúnjẹ wọn ṣì wà lábẹ́ ewé, ọgọ́rùn-ún mìíràn ń bọ̀. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó jẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀n lewéko ń dára mọ. N kò bá wọn jiyàn, àmọ́ ẹni tó pa òwe yẹn kò gbin ata sínú gríìnháòsì.

Ẹ̀kọ́ kejì jọ ti àkọ́kọ́, mo mọ̀. Àwọn tí ẹ ń rí lójú ọ̀nà kì í ṣe gbogbo ilé. Ìyá wọn wà nísàlẹ̀, ó ń yé ẹyin. Ìyá èèrà dúdú kan tí wọ́n sìn gbé ju ọdún 28 lọ láyé, ẹ̀yin ẹ wá ń fi ìka tẹ ọmọ rẹ̀ pa. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn gbé ikú lọ bá a. Mo po borax, ìyẹ̀fun funfun kan tó ń pa èèrà, ṣíbí ìmutíì kan àti ṣúgà ṣíbí 12 mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ìdajì lítà, mo rẹ òwú sínú rẹ̀, mo fi sínú ike tó ní ìdérí, mo lu ihò kéékèèké sí i lára. Ẹ má fi borax kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi kún un nígbà àkọ́kọ́ (ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ìbínú ni), ẹ̀gbẹ́ ike ni wọ́n kú sí, wọn kò délé. Ẹ má jẹ́ kó dà sínú ìkòkò, torí ó ń pa igi, ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn kò lè dé.

Ní ti omi gbígbóná, ẹ ti gbọ́. Ohun tó ń bí mi nínú títí di òní ni pé omi lásán ì bá ṣe é. Ẹ ri ìkòkò sínú garawa títí omi á fi bo ilẹ̀ inú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ́n á gbé ọmọ wọn, wọ́n á sá jáde, ohunkóhun kò sì ní ṣe ata. Omi tútù!

Ìyókù yá. Ọṣẹ olómi ṣíbí ìmutíì méjì nínú omi lítà kan, mo fín in sábẹ́ ewé nírọ̀lẹ́, mo tún un fín lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, torí èyí tó bá bà nìkan ló ń pa. Mo ki ẹsẹ̀ tábìlì bọ abọ́ omi. Mo gé ẹ̀ka kan tó fara kan ògiri, torí afárá ni wọ́n fi ṣe. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, kò sí ìlà èèrà mọ́.

Ata mẹ́rin tó kù ti ń so. Mo ti gbin hóró tuntun sínú ìkòkò mìíràn. Àwọn mẹ́jọ yẹn, n kò tíì lè fọwọ́ kàn wọ́n. Láàárọ̀ òní, mo rí èèrà kan ṣoṣo tó ń yí etí abọ́ omi ká, tó ń wá ibi tó máa gbà. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo lọ yí ewé wò.