Adágún tí ọkọ̀ kún, àti omi tòsí ilé

Ọkọ̀ kún adágún náà lónìí débi pé ìgbì ti ẹni kan kì í tíì rọlẹ̀ tí tẹlòmíràn á fi dé. Gbogbo ibi tí igi wó sómi ni ẹnìkan ti ju ìwọ̀ sí kí n tó dé. Ẹja bass, ẹja odò tó ń pa ẹja kéékèèké jẹ, wà níbẹ̀ o, mo rí wọn. Wọ́n á tẹ̀lé ekòló rọ́bà tí mo fi ṣe ìdẹ, wọ́n á wò ó, wọ́n á yí padà. Èyí tí wọ́n bá ti fi ìwọ̀ mú rí, tí wọ́n dá padà sómi, kì í sábà tètè gbé irú ìdẹ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìgbà tí mo pààrọ̀ okùn sí tín-ín-rín, tí mo fi ìdẹ kékeré sí i, tí mo jẹ́ kó rọra wọlẹ̀, ni ọ̀kan tó gbé e.

Ṣùgbọ́n nínú omi kékeré tòsí ilé, ìdẹ tó ń pariwo lójú omi ti tó. Ẹja á fò bò ó.

Ohun tó dùn mí jù ni àwọn tó ń mú akọ bass kúrò lórí ìtẹ́ ẹyin. Akọ ló ń ṣọ́ ẹyin. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹja mìíràn á jẹ ẹyin náà kíá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá a padà síbi tí ẹ ti mú un gan-an.