Ìtọ̀ Eku Léwu fún Ajá Ju Eyín Rẹ̀ Lọ

Nígbà tí Tanímọ̀la, ajá mi, kọ́kọ́ pa òkété lẹ́yìn ilé wa ní Èbúté Mẹ́tta, gbogbo ará ilé ló yìn ín, nítorí òkété ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hú ìdí ògiri wa tán. Ojú ibi tí ó ti gé e jẹ ní imú nìkan ni mo wò. Mo fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, ọkàn mi sì balẹ̀.

Inú ìtọ̀ eku ni kòkòrò àrùn leptospirosis máa ń bá jáde, ó sì lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nínú ẹrẹ̀ àti omi tí kò ṣàn. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà bá mú kí gọ́tà kún bo ojú ọ̀nà, bí ó ti máa ń rí ní àdúgbò wa tí ó súnmọ́ ọ̀sà, ajá tí ó bá lá omi náà, tàbí tí ó fi ẹsẹ̀ tí ó ní egbò là á kọjá, lè kó àrùn yìí láìfojú kan eku rárá. Kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ni ó ń bà jẹ́. Tanímọ̀la kọ oúnjẹ, ó ń bì, ẹyinjú àti èrìgì rẹ̀ sì di àwọ̀ ìyeyè bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Ọpẹ́ ni pé ó yè. Dókítà ẹran kìlọ̀ fún mi pé kí n máa wọ ìbọ̀wọ́ bí mo bá ń fọ ìtọ̀ rẹ̀, nítorí àrùn náà a máa ran ènìyàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà: ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń kọ́kọ́ gún un, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 láàárín, lẹ́yìn náà ó di ọdọọdún.

Májèlé eku tún ń bà mí lẹ́rù. Èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lè fi ajá sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mẹ́ta kí ẹ̀jẹ̀ tó máa ṣàn ní imú rẹ̀. Fítámì K ni dókítà fi ń tọ́jú rẹ̀, nítorí náà ẹ mú páálí májèlé náà dání lọ. Ọ̀tapiápiá kì í fún ni láyè bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rọ epo pupa sí ajá tí ó ń gbọ̀n lẹ́nu: kò lè pa oró náà, ó sì lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Nísinsìnyí, kí ilẹ̀ tó ṣú ni mo ti ń kó abọ́ Tanímọ̀la wọlé, mo sì ti bẹ ìyá tí ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pé kí wọ́n ránṣẹ́ pè mí kí wọ́n tó dẹ májèlé sílẹ̀.