Eyín ló gbé mi débẹ̀
Eyín tó ń ro mí ni mo bá lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì ní kí n kọ́kọ́ na apá. Ó di aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ mi lápá, ó ń fún, ó ń fún, tó fi di pé ìka mi ń lù kì, kì, kì. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ga dé 168/102! Èmi tí orí kì í fọ́?

Ó ní kí n fẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú 5, kí n má sọ̀rọ̀ (ìyẹn gan-an ló le jù). Ó tún un wọ̀n: 164/100. Ó ní ìrora eyín lè dá kún un, kí n padà wá, pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì hàn.

Mi ò tiẹ̀ rántí eyín mọ́. Ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí nínú yín?