Ta ló máa ra eré ìdíje tí a ti mọ ẹni tó jẹ ẹ́?

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí láàárọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ sì di àríyànjiyàn. Mo sọ fún wọn pé mo ń wá DVD àwọn eré ìdíje àtijọ́ tí wọ́n máa ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, irú èyí tí èèyàn ti ń dáhùn ìbéèrè láti gba owó tàbí ẹ̀bùn, àti pé owó ara mi ni mo fẹ́ fi rà á. Wọ́n ní, "Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti gbá tán, tí a ti mọ iye góòlù tó wọlé, ta ló ń sanwó láti wò ó? Kí lo fẹ́ fi eré ìdíje àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ṣe?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé." Ibi iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n, wọn ò lè gbọ́ ọ tán. Odindi ọjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà fi ń lọ, tó ń bọ̀ lọ́kàn mi, ni mo bá ní kí n kọ ọ́ síbí.

Ìbéèrè wọn mọ́gbọ́n wá. Àwọn tó ń ta fídíò ní Amẹ́ríkà gan-an bi ara wọn bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Nígbà tí eré apanilẹ́rìn-ín àti eré ọlọ́pàá ti kún orí àtẹ, eré ìdíje ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n rò ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe eré ìdíje fún: ẹnìkan dáhùn ìbéèrè, ó gba owó tàbí ọkọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, ó parí. Èmi ò gbà. Ẹni tó gba owó kọ́ là ń wò.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1956 lórí I've Got a Secret, ètò tí Garry Moore jẹ́ atọ́kùn rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le: àlejò á sọ àṣírí rẹ̀ sí atọ́kùn létí, àwọn gbajúmọ̀ mẹ́rin á sì máa da ìbéèrè bò ó títí wọn á fi rí àṣírí náà já. Àlejò ọjọ́ yẹn ni Samuel Seymour, bàbá arúgbó ẹni ọdún 95 láti Maryland. Bàbá ti ṣubú kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, ojú wọn kan ti wú. Àwọn tó ń ṣe ètò náà ní kí bàbá má yọ ara wọn lẹ́nu mọ́, bàbá ní àwọn máa jókòó. Bill Cullen, ọ̀kan nínú àwọn gbajúmọ̀ mẹ́rin náà, ló kọ́kọ́ bi wọ́n ní ìbéèrè, ó kan Jayne Meadows, ìyẹn ló sì já a. Nígbà tí bàbá yìí wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, wọ́n wà nínú Ford's Theatre ní Washington, ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1865, nígbà tí John Wilkes Booth yìnbọn fún Ààrẹ Abraham Lincoln. Ohun tó ká wọn lára jù lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún ni ọkùnrin tó já bọ́ láti òkè. Àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n, wọn ò mọ̀ pé òun gan-an ni apààyàn.

Sìgá Winston ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ ètò náà, Winston ni wọ́n sì máa ń fún àlejò. Ṣùgbọ́n páìpù ni bàbá ń mu, nítorí náà tábà Prince Albert ni Moore gbé lé wọn lọ́wọ́. Bàbá kú ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn.

Mo ti wo abala yìí títí, kò sì sú mi í wò. Ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí ikú Lincoln jókòó níwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n, ó ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò sí òpìtàn tó lè ṣètò irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Eré ìdíje, tí wọ́n ń pè ní nǹkan ìgbafẹ́ lásán, ló bá wa tọ́jú ojú bàbá náà. Tí ẹnìkan bá ní òun kò ní rà á nítorí pé a ti mọ̀ pé Jayne Meadows ló já àṣírí yẹn, mi ò mọ ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wò.

What's My Line? náà wà ńbẹ̀, èyí tí John Charles Daly darí ní alaalẹ́ ọjọ́ Àìkú láti 1950 dé 1967. Iṣẹ́ tí àlejò ń ṣe ni àwọn olùbéèrè ń wá, tó bá sì jẹ́ olókìkí ni àlejò, wọ́n á fi aṣọ di ojú wọn. Ní 1957, Salvador Dalí, ayàwòrán ará Spéìnì, wá jókòó. Ṣé òǹkọ̀wé ni ọ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé o máa ń hàn lórí tẹlifíṣọ̀n? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé eléré ìdárayá ni ọ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Daly bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó má ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Dalí ò purọ́ o. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tí òun kì í ṣe. Ìwé tí wọ́n kọ nípa ọkùnrin náà pọ̀, àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí fi í hàn mí ju ìwé lọ.

Kí a tó bèèrè bóyá yóò tà, ó yẹ ká bèèrè bóyá ó tiẹ̀ ṣì wà. Ibí yìí ni inú mi ti máa ń bàjẹ́. Àwọn ètò ayé 1950, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ṣe wọ́n. Láti fi wọ́n pamọ́, wọ́n á dojú kámẹ́rà fíìmù kọ ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á yà á. Fíìmù tí wọ́n bá ti lò kò ṣeé tún lò, nítorí náà púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí téèpù fídíò dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Téèpù yẹn fẹ̀ ní ínǹṣì méjì, owó rẹ̀ wọ́n, ó sì ṣeé pa rẹ́ kí wọ́n tún fi gba nǹkan mìíràn sílẹ̀. Kí wá ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n máa ṣe? Wọ́n pa á rẹ́. Jeopardy! àkọ́kọ́, eré ìbéèrè àti ìdáhùn tí Art Fleming darí ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC láti 1964 dé 1975, lé ní 2,700 abala; ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù nílẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọdún mọ́kànlá iṣẹ́ èèyàn, àwọn olùdíje tó wá láti ìlú kéékèèké, ìyá ẹnìkan, bàbá ẹnìkan, wọ́n fi ètò mìíràn lé e lórí nítorí àtifowó pamọ́. Jeopardy! tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀, ti Alex Trebek, 1984 ló bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní eré ìdíje kì í tà, mo máa ń rántí pé àwọn kan náà ló ti pa ọjà náà rẹ́ kí oníbàárà tó dé ìsọ̀.

Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ nígbà kan ṣá. Ilé-iṣẹ́ BCI Eclipse gbé àkójọ Match Game jáde lórí DVD ní 2006, nígbà tó sì máa fi di 2008, Password, The Price Is Right àti Family Feud ti tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ ọ̀hún kógbá sílé. Àwọn kan rí èyí, wọ́n ní ẹ̀rí ti dé pé kò lè tà. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ yẹn kò ta eré ìdíje nìkan, àsìkò tí DVD fúnra rẹ̀ sì ti ń rọlẹ̀ ni. Ohun tí mo fẹ́ bá wọn sọ ni bí wọ́n ṣe kó wọn jáde. Wọ́n ṣa èyí tó dùn jù, wọ́n mú abala kan níhìn-ín, wọ́n mú òmíràn lọ́hùn-ún. Àdàlú ni The Price Is Right tiẹ̀ tún jẹ́: Bob Barker, atọ́kùn rẹ̀ tí kò fẹ́ kí wọ́n fìyà jẹ ẹranko, ti fòpin sí fífi ẹ̀wù onírun ẹranko ṣe ẹ̀bùn ní 1982, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa tún àwọn abala tí irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀ gbé jáde. Mo bọ̀wọ̀ fún ohun tó gbàgbọ́. Síbẹ̀, ó já apá kan kúrò nínú ìtàn náà.

Kí ló dé tí ṣíṣàyàn kò fi tó? Nítorí pé ìtàn wà nínú eré ìdíje, ó sì ń lọ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ẹ mú Match Game ti CBS, 1973 dé 1979. Gene Rayburn á mú makirofóònù rẹ̀ tó gùn tó sì tín-ín-rín bí ọ̀pá dání, á ka gbólóhùn tí àlàfo wà nínú rẹ̀, àwọn gbajúmọ̀ mẹ́fà á kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n rò pé ó yẹ níbẹ̀. Lókè, Brett Somers àti Charles Nelson Reilly á máa jà bí tọkọtaya tó ti pẹ́ nílé. Nísàlẹ̀, láàárín gbùngbùn, Richard Dawson jókòó. Tó bá kan ìdíje ìkẹyìn tó ní owó ńlá nínú, olùdíje á yan gbajúmọ̀ kan tí yóò bá òun dáhùn, orúkọ Dawson ni wọ́n sì máa ń pè lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé ó mọ bí ará ìlú ṣe ń rò. Ní 1976 ó di atọ́kùn Family Feud, àmọ́ kò kúrò lórí Match Game. Ìgbà tó di 1978, wọ́n gbé àgbá kan tó ń yí wọlé, kí àgbá náà lè máa yan gbajúmọ̀ dípò olùdíje. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n yí i, orí Dawson náà ló dúró sí! Gbogbo ilé pariwo. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹ máa wo ojú ọkùnrin yẹn láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ẹ̀rín ń dín kù. Ó ń dáhùn ní kúkúrú, ó kàn ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti lọ.

Ẹnikẹ́ni tó bá wo abala kan ṣoṣo kò lè rí èyí. Àfi kó wò ó ní títò-léra. Bí àwọn tó ni àwọn ètò yìí bá rò pé ẹ̀rín nìkan ni à ń wá, a jẹ́ pé wọn ò tíì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

Fídíò ilé tiẹ̀ ti fi agbára rẹ̀ hàn nínú eré ìdíje kan rí. Press Your Luck, CBS, 1984, Peter Tomarken ni atọ́kùn. Iná á máa sáré kiri lórí àpótí méjìdínlógún, olùdíje á tẹ bọ́tìnnì, á gba ohun tí iná bá dúró lé. Bó bá bọ́ sórí Whammy, gbogbo owó rẹ̀ lọ. Gbogbo ayé rò pé kádàrá ló ń darí iná náà. Michael Larson, ará Ohio tó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ta áísíkiriìmù, fi ẹ̀rọ fídíò gba ètò náà sílẹ̀ nílé, ó ń dá a dúró, ó ń dá a padà, títí ó fi rí i pé ipa ọ̀nà márùn-ún péré ni iná náà ń tọ̀, àti pé àpótí méjì wà tí Whammy kì í dé. Ó bá lọ bá wọn díje. Whammy mú un nígbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kò mú un mọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ ju ogójì ìgbà lọ, ó sì lọ sílé pẹ̀lú owó àti ẹ̀bùn tó tó 110,237 dọ́là. Eré náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pín in sí ọjọ́ méjì kí wọ́n tó lè gbé e jáde. CBS yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé kò rú òfin kankan, wọ́n sanwó fún un.

Ọkùnrin yìí ló kọ́kọ́ fi hàn pé èèyàn lè wo eré ìdíje tí a ti mọ ẹni tó jẹ ẹ́, kó tún wò ó, kó sì rí ohun tí àwọn tó ṣe é gan-an kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹlòmíì á ní, ṣebí ọ̀fẹ́ ló wà báyìí. Òótọ́ ni. Game Show Network, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n tó wà fún eré ìdíje, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1994, Buzzr, ìkànnì irú rẹ̀, dé ní 2015, kò sì sí ohun tó jọ mọ́ èyí tí èèyàn ò ní bá lórí YouTube. Àmọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹlòmíì ló ń pinnu ìgbà tí a máa rí i. Game Show Network máa ń fi What's My Line? hàn lóru nígbà kan. Wọ́n dá a dúró. Fídíò YouTube tí mo fipamọ́ láti wò lálẹ́, ó lè má sí níbẹ̀ mọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Who Wants to Be a Millionaire? tí Frank Edoho darí ní Nàìjíríà láti 2004 dé 2017: àwa tí a jókòó sídìí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn òbí wa, tí gbogbo ilé ń pariwo ìdáhùn, ṣé kò yẹ kí ó wà nílé wa? Èmi máa rà á, àgàgà àwọn ọdún àkọ́kọ́.

Ohun tí mo máa ní kí ẹni tó bá tún fẹ́ gbé wọn jáde ṣe kò pọ̀. Kó má rò pé mílíọ̀nù èèyàn ló ń bọ̀. Kó ṣe ìwọ̀nba fún àwa díẹ̀ tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ò ní bá a nájà. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Match Game ti 1978, láti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ yí àgbá náà títí di ọjọ́ tí Dawson jókòó síbẹ̀ kẹ́yìn, láìfo ọjọ́ kankan. Kó fi ìpolówó ọjà sílẹ̀ bó ṣe wà, ọṣẹ, ọkọ̀, oúnjẹ ajá, gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń tà á nígbà náà.