Fèrèsé kékeré tí mo gbé láti Katsina wá sí Òṣogbo

Nígbà tí mo ń ṣe agùnbánirọ̀ ní Katsina, níhà tí ilẹ̀ ti ń sún mọ́ aṣálẹ̀ Sàhárà, inú ilé amọ̀ àtijọ́ kan ni mo ń gbé, ògiri rẹ̀ sì nípọn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Bí oòrùn oṣù kẹrin ti ń jó ìta tó, inú yàrá mi tutù láìsí fáànù, nítorí pé ó ń pẹ́ kí ooru tó la ògiri náà já. Alẹ́ ni ògiri ń tú ooru náà sílẹ̀, nígbà tí ìta ti tutù, tí àwọn onílé sì ti tẹ́ ẹní sí àgbàlá láti sùn. Fèrèsé díẹ̀ ni ó kọjú sí ìta. Yàrá ẹnu ọ̀nà tí àwọn Hausa ń pè ní zaure ni àlejò ọkùnrin ń dúró sí, kí ojú rẹ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Ògiri tí ó bo àṣírí ilé yìí kan náà ni ó ń dènà eruku àti afẹ́fẹ́ gbígbóná.

Nígbà tí mo fẹ́ kọ́ ilé tèmi ní Òṣogbo, mo ní kí bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù mọ ògiri ní ìlọ́po méjì, kí ó sì ṣe fèrèsé kéékèèké. Bàbá tí ó ń bá mi mójú tó iṣẹ́ bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé afẹ́fẹ́ Katsina ni yóò máa wá fẹ́ sí ọ níbí?" Mo rẹ́rìn-ín. Ní oṣù keje, bàtà awọ mi bu lábẹ́ ibùsùn, òógùn kò sì gbẹ lára mi.

Ohun tí n kò rò ni pé òru ilẹ̀ gbígbẹ tutù gan-an, tiwa kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tutù, nítorí náà ògiri mi kò rí òtútù kankan tọ́jú de ọ̀sán. Ní Yazd, ìlú ilẹ̀ gbígbẹ kan ní Iran, wọ́n ń kọ́ ilé gogoro agbáfẹ́fẹ́ sórí òrùlé. Àwọn mìíràn ń darí afẹ́fẹ́ gba orí omi kọjá kí ó tó wọ yàrá, kí omi tí ó ń gbẹ lè mú un tutù. Afẹ́fẹ́ Òṣogbo ní ìgbà òjò ti mu omi yó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́lé níbí, àgbàlá àti òjìji ni kí ẹ wò lára ilé àwọn ará ilẹ̀ gbígbẹ, èyí tí agbo ilé àwọn baba wa náà ní. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé ńláńlá kọjú síra wọn, kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, kí ìhà tí ó gùn nínú ilé má kọjú sí ìwọ̀-oòrùn.

Èmi sanwó kí wọ́n tó bá mi la ògiri. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n yọ ni mo fi mọ ìjókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ibẹ̀ ni bàbá náà sì máa ń jókòó sí bí ó bá wá kí mi.