Àyẹ̀wò Ọdún: Ìrìn Jẹ́ẹ́jẹ́ Nígbà Ìwọ́wé

Ọdún ti ń parí lọ, kálukú ti ń ka iṣẹ́ tó ṣe àti owó tó wọlé. Èmi ń wo àwòrán inú fóònù mi ní tèmi. Láti oṣù Kìíní títí dé oṣù Kẹjọ, rìsíìtì ló pọ̀ jù níbẹ̀, àti ìwé ibi iṣẹ́ tí mo yà kó má bàa sọ nù. Àárín oṣù Kẹsàn-án ni ojú èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ: Màmá mi lórí bẹ́ǹṣì, àwọn ọmọ tó ń da ewé lé ara wọn lórí, ọ̀rẹ́ mi tó ń rẹ́rìn-ín débi tó fi di ikùn mú. Bẹ́ẹ̀ a ò rìnrìn àjò kankan o. Gbogbo ibi tí a lọ kò ju ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé èèyàn dé kí ilẹ̀ tó ṣú: etí odò, ọgbà ìgbafẹ́, ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn ilé ìwé kọjá.

Ìgbà ìwọ́wé, ìyẹn àsìkò tí ewé ń wọ́ kí ìgbà òtútù tó dé, kì í jẹ́ kéèyàn fòní dónìí fọ̀la dọ́la. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú rẹ̀, a lè ní "tó bá di ìrọ̀lẹ́ a ó lọ," ìrọ̀lẹ́ á sì gùn bí a ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ní ìdajì àríwá ayé, nǹkan bí 22 tàbí 23 oṣù Kẹsàn-án ni ọ̀sán àti òru máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà, àsìkò yẹn gan-an sì ni ọ̀sán ń yára kúrú jù lọ. Níbi tó bá jìnnà sí agbedeméjì ayé tó ìwọ̀n digírì 50, nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 ló ń bọ́ lọ lójoojúmọ́. Ta ló ń ka ìṣẹ́jú 4 sí? Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ń lọ sí ìdajì wákàtí. Ẹni tó bá ní òun á jáde tí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé, òkùnkùn ni yóò bá níta. Òkùnkùn yẹn ló ń lé wa jáde lọ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìrìn àjò ńlá kí n tètè kúrò níbẹ̀. Àwa ọ̀rẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí WhatsApp, pé a fẹ́ lọ wo igbó orí òkè nígbà tí ewé bá pọ́n dáadáa. A sọ̀rọ̀ títí. Ẹni tó ní mọ́tò kò ráyè, ẹni tó ráyè kò ní mọ́tò. Ká tó fẹnu kò, igi ti wà níhòòhò. Kò dùn mí rárá, torí ọ̀kan nínú wọn, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, ti ń bá wa rìn láìsí ìpàdé kankan. Á kàn pè: "Òòrùn yọ o. Ṣé ẹ wà nílé?" Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká wọ bàtà ló kù.

Màmá ló ń pinnu bí a ṣe ń rìn. Orúnkún ń dùn ún, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun lápá mú. Lákọ̀ọ́kọ́, àwa á lọ síwájú, a ó dúró dè é, tó bá dé ọ̀dọ̀ wa a ó tún gbéra, kò sì ní rí àyè mí. Ọkọ mi ló wá sọ pé kí Màmá máa ṣíwájú kí gbogbo wa tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ yẹn ló tún ìjáde wa ṣe. Ibi tó bá dúró, gbogbo wa dúró. Ibi tó bá jókòó sí, a ti dé nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ó ku ibo. Àwọn ọmọ kùn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì wá rí i pé ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ ń fún àwọn láyè láti ṣa nǹkan nílẹ̀. Màmá ló kọ́kọ́ rí olú tó hù sára kùkùté igi. Òun náà ló fi òwú aláǹtakùn tí ìrì sẹ̀ sí hàn wá, èmi tí mo ń bọ̀ lẹ́yìn ì bá ti forí gbá a kọjá.

Lọ́jọ́ kan, àkọ́bí mi bi í pé, "Màmá àgbà, kí ló dé tí ewé yìí pọ́n?" Màmá ní kó lọ bi ìyá rẹ̀. Èmi náà lọ kà nípa rẹ̀. Ohun tó ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀, tí wọ́n ń pè ní chlorophyll, ni igi fi ń gba agbára òòrùn. Tí ọ̀sán bá ń kúrú tí òtútù ń dé, igi á máa tú u ká, á sì kó èròjà tó wúlò padà sínú ẹ̀ka àti ìtì rẹ̀. Àwọ̀ yẹ́lò tí a wá ń rí, ó ti wà nínú ewé tipẹ́, nǹkan ló bò ó mọ́lẹ̀. Pupa yàtọ̀ ní tirẹ̀: ìgbà ìwọ́wé gan-an ni ọ̀pọ̀ igi tó ń pọ́n ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é, láti ara ṣúgà tó há sínú ewé. Ìdí nìyẹn tí ọdún tí òòrùn bá ń ràn lọ́sàn-án, tí òru sì tutù láì di yìnyín, fi máa ń pọ́n ju ọdún tí ìkùukùu bò lọ. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé atẹ́gùn nìkan kọ́ ló ń já ewé. Igi fúnra rẹ̀ ló ń ya ìdí ewé kúrò lára, atẹ́gùn kàn ń bá a gbé e lọ ni. Mo fi ìtara ṣàlàyé gbogbo èyí fún ọmọ. Ó gbọ́ ìdajì, ó sì padà sídìí òkìtì ewé tó ń fò lé.

Lójú tèmi, wọ́n ń yin igi pupa jù. Igi ginkgo kan wà lójú ọ̀nà wa, yẹ́lò lásán ni. Irú igi yìí lè di ewé rẹ̀ mú títí, kó wá da èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ láàárín ọjọ́ kan lẹ́yìn òru tó tutù nini. A bọ́ sí i lọ́dún yìí ní àárọ̀ Sátidé kan. Atẹ́gùn ò fẹ́, ewé ń dà wàràwàrà. Ọ̀rẹ́ mi gbé fóònù sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. Màmá ní, "Ẹ dákun, ẹ wá ibi tí mo máa jókòó sí. Mi ò tíì lọ."

Nígbà tí wọ́n fi wákàtí kan dá aago padà sẹ́yìn bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́dọọdún (Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá ni ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá ní Amẹ́ríkà), ìmọ́lẹ̀ di ti àárọ̀ nígbà tí gbogbo wa ṣì ń múra iṣẹ́. Ta ló fẹ́ ẹ lásìkò yẹn? A sún ìjáde sí ọ̀sán Sátidé, kò sì yẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tó kúrú jù ti kọjá báyìí, ọ̀sán ti ń gùn padà díẹ̀díẹ̀. Mo rí i pé ẹgbẹ́ WhatsApp yẹn ti tún ń sọ̀rọ̀ igbó orí òkè fún ọdún tó ń bọ̀. Mo fi àmì àtẹ́lẹwọ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ohun tí èmi fẹ́ ṣe kò pọ̀: bàtà Màmá ti jẹ nísàlẹ̀, ewé tútù sì máa ń yọ̀. Tuntun ni mo máa kọ́kọ́ rà.